Ibi tí ẹ ó ti yí padà ni kí ẹ kọ́kọ́ wá

Ẹ̀yin ìyá àgbà àti bàbá àgbà tí ẹ ń mú ọmọdé rìn ládùúgbò, ọmọ ọdún méjì tó bá ti mu ẹ̀kọ yó láàárọ̀ lè rìn jìnnà ju bí ẹ ṣe rò lọ. Á jáde lẹ́nu géètì, á kọjá ṣọ́ọ̀bù télọ̀, á kọjá ibi tí wọ́n ti ń lọ ata, ó di ìdí igi máńgòrò tó wà ní kọ́nà. Àlọ kì í ṣe ìṣòro. Àbọ̀ ni. Ìdí máńgòrò yẹn ni yóò jókòó sí, tí yóò na ọwọ́ méjèèjì sókè pé "gbé mi". Ìyá àgbà ẹni ọdún 68 tí orúnkún ń dùn yóò wá gbé ẹrù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin àpò símẹ́ǹtì, yóò sì gbé e gun òkè padà sílé.

Kì í ṣe àsọdùn. Lórí àtẹ ìdàgbàsókè Àjọ Ìlera Àgbáyé, ọmọbìnrin oṣù 24 tí kò sanra tí kò rù wọ̀n tó kílò 11 ààbọ̀, ọkùnrin tó kílò 12 àti díẹ̀. Kílò 50 ni àpò símẹ́ǹtì kan. Nínú gbogbo ohun tó ń ba ìrìn àgbà àti ọmọ jẹ́ ní àdúgbò, èyí ló wọ́pọ̀ jù: wọ́n ti kọjá ibi tó yẹ kí wọ́n ti yí padà kí wọ́n tó mọ̀.

Ohun tí mo fara mọ́ ni pé kí ẹ pín àkókò sí ọ̀nà mẹ́ta, kí ẹ fi ìdá kan lọ, kí ẹ fi ìdá méjì bọ̀. Bó bá jẹ́ 30 ìṣẹ́jú lẹ fẹ́ lò níta, tí 10 bá ti pé, ẹ yí padà, kódà bí ọmọ ṣì ń sáré. Pàápàá bó bá ṣì ń sáré. Ní àlọ, ohun tuntun ló ń fà á lọ. Ní àbọ̀, ó ti rí gbogbo rẹ̀ tán, ẹsẹ̀ ti ń rọ̀, oorun ti ń kùn ún, ìdúró rẹ̀ á sì pọ̀ ju ìrìn lọ. Ẹ má fi mítà wọn ọ̀nà, òpó iná ni kí ẹ máa kà. Fún ọmọ oṣù 18, òpó méjì tàbí mẹ́ta ti tó láti kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ lè dé òpó mẹ́fà. Ẹ yan àmì kan níbẹ̀, ìbáà jẹ́ igi, ìbáà jẹ́ géètì tí wọ́n kùn ní búlúù, kí ẹ sì sọ ọ́ fún ọmọ kí ẹ tó jáde nílé: "A máa fọwọ́ kan igi yẹn, a ó wá padà wálé." Ọwọ́ tó bá fi kan igi yẹn ló ń jẹ́ kó gbà pé àlọ ti parí. Ẹ kàn yí i lójú padà láìsọ nǹkan kan, ẹ ó gbọ́ igbe.

Ọmọ á ṣubú o, kí ẹ ti mọ̀. Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì New York tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ oṣù 12 sí 19 tí wọ́n fi sílẹ̀ kí wọ́n máa ṣeré bó ṣe wù wọ́n. Ní ìpíndọ́gba, ìṣísẹ̀ 2,368 ni wọ́n ń gbé ní wákàtí kan, wọ́n sì ń ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún láàárín wákàtí náà. Ìṣubú ọmọ wà nínú iṣẹ́ ìrìn kíkọ́. Ti àgbà ni kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ibi tí àgbà ń wò kó tó ṣubú gan-an ló yẹ ká bi í. Ọmọ ló ń wò. Ó ń rìn lọ, ó tẹ ojú mọ́ orí ọmọ, kò rí òkúta tó yọ sókè lójú títì. Nítorí náà, ẹ dúró kí ẹ tó wo ọmọ. Bí ẹ bá ń rìn, ojú ọ̀nà ni kí ojú yín wà. Ẹni tó ń lo awò alápá méjì, tí apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà fún ìwé kíkà, kó túbọ̀ ṣọ́ra níbi àtẹ̀gùn àti etí gọ́tà, torí apá ìsàlẹ̀ yẹn máa ń sọ ilẹ̀ di bàìbàì.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2019 pé ọmọ ọdún kan sí méjì nílò ó kéré tán 180 ìṣẹ́jú ìgbòkègbodò ara lójúmọ́, àti pé a kò gbọdọ̀ dè é mọ́jú kan ju wákàtí kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n dárúkọ ọmọ tí a pọ̀n sẹ́yìn mọ́ ọn. Ọmọ tí a pọ̀n lọ sọ́jà, tí a sì pọ̀n bọ̀, kò tíì rìn lọ́jọ́ yẹn. Ti àgbà yàtọ̀. Ẹni tó ti lé ní ọdún 65 nílò ìrìn tó ń jẹ́ kí èémí yára díẹ̀, 150 ìṣẹ́jú ó kéré tán lọ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìrìn ọmọdé kò yára tó bẹ́ẹ̀. Bàbá àgbà tó bá ka ìrìn yìí mọ́ eré ìdárayá tirẹ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ. Kó tún wá àkókò mìíràn dá rìn.

Ẹ kọ́kọ́ dá rin ọ̀nà náà

Kí ọmọ tó bá yín jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ dá rin ọ̀nà yẹn, ní aago kan náà tí ẹ ó máa mú ọmọ jáde. Òpópónà tó dákẹ́ ní aago mẹ́wàá lè jẹ́ èyí tí ọ̀kadà ń gbé ọmọ ilé ìwé gbà ní aago méje àbọ̀. Ní Ìbàdàn, aago mẹ́jọ ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án ààbọ̀ láàárọ̀ ló dára jù lójú mi: àwọn ọmọ ilé ìwé ti wọlé, oòrùn kò tíì le. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ jáde ní aago márùn-ún, kí ẹ ti wọlé kó tó di aago mẹ́fà ààbọ̀, torí ilẹ̀ ń ṣú kíákíá nílẹ̀ wa, ẹ̀fọn á sì ti jáde.

Ìlú olókè ni Ìbàdàn. Ẹni tó ń gbé lábẹ́ Màpó tàbí ní Òkè Àrẹ̀mọ mọ ohun tí mò ń sọ. Bí àlọ bá jẹ́ ìsọ̀kalẹ̀, àbọ̀ di ìgòkè pẹ̀lú ọmọ tó ti rẹ̀. Ìgòkè ń mú èémí, ìsọ̀kalẹ̀ ń dá orúnkún lóró, kò sí èyí tó sàn fún ẹni tó ní àìsàn méjèèjì. Bí ẹ bá lè rí i, ẹ rin ìbú òkè, ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ òkè kọjá láìgùn ún. Bí kò bá sí, ẹ kọ́kọ́ gun òkè ní àlọ, kí ilẹ̀ máa rẹlẹ̀ ní àbọ̀, kí ẹ sì rọra sọ̀ pẹ̀lú ìṣísẹ̀ kúkúrú.

Ìdí mìíràn tí ẹ fi ń dá rìn ín ni ìjókòó. Ẹ wá ó kéré tán bẹ́ńṣì méjì lójú ọ̀nà, iwájú ṣọ́ọ̀bù tàbí abẹ́ igi, kí ẹ sì bá àwọn onílé sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, èmi àti ọmọ mi yóò máa jókòó níbí díẹ̀ láàárọ̀." Kò sẹ́ni tó máa kọ̀ ọ́. Bẹ́ńṣì yẹn náà ni ẹ ó lò bó bá di dandan kí ẹ pọn ọmọ, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Gọ́tà, ọ̀kadà, àti ọwọ́ tó yẹ kí ọmọ wà

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti díjú nìyí. Púpọ̀ nínú òpópónà wa kò ní ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ọ̀kadà àti takisí Micra wà lápá kan, gọ́tà tí kò ní ìdérí wà lápá kejì, ọmọ sì gbọdọ̀ wà láàárín. Láti ọdún 1972 ni ọkọ̀ ti ń rìn ní apá ọ̀tún ní Nàìjíríà, nítorí náà apá òsì ni kí ẹ máa rìn, kí ẹ lè máa rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lójúkojú. Àgbà wà níhà títì, ọmọ wà níhà inú, ìyẹn lápá òsì àgbà. Ṣùgbọ́n ìhà inú yẹn náà ni gọ́tà wà. Ẹ jẹ́ kí ìṣísẹ̀ àgbà méjì wà láàárín ọmọ àti etí gọ́tà. Níbi tí ọ̀nà bá ti fún tí ìṣísẹ̀ méjì kò sí, ẹ má fi ọgbọ́n rìn ín: ẹ gbé ọmọ kọjá ibẹ̀, tàbí kí ẹ wá òpópónà mìíràn. Bí wọ́n bá sì tẹ́ pákó tàbí kọnkéré lé gọ́tà, ẹ fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́ wò kí ọmọ tó gun orí rẹ̀; èyí tó ń mì kì í ṣe afárá. Ẹ má gbàgbé pé ọ̀kadà kì í bọ̀wọ̀ fún wọ́n-wéè. Ẹ wo iwájú, ẹ wo ẹ̀yìn.

Ọrùn ọwọ́ ọmọ ni kí ẹ dì mú níbi tí ọkọ̀ wà, kì í ṣe ìka rẹ̀. Bí ẹ bá na ìka kan sí i pé kó dì í mú, òun ló di yín mú, ó sì lè jọ̀wọ́ yín nígbàkúùgbà tó bá rí adìyẹ. Nínú àgbàlá, tàbí ní kúlọ́ọ̀sì tó ní géètì, ẹ lè fún un ní ìka.

Ohun tí ọmọ máa ń ṣe nígbà tó bá bínú ni pé á rọ ẹsẹ̀ jọwọrọ, á gbé gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọwọ́ tí ẹ dì mú. Àgbà tí kò fẹ́ kí aṣọ dọ̀tí á fà á sókè ní ọwọ́ kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni igunpá ti ń yẹ̀. Egungun kékeré tó wà níbẹ̀ kò tíì dúró dáadáa lára ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin, ìfà kan péré tó láti yọ ọ́ lójú rẹ̀. Ẹ ó mọ̀ ọ́n: ọmọ á sunkún díẹ̀, á wá ká ọwọ́ yẹn mọ́ra, kò ní lò ó mọ́, bẹ́ẹ̀ kò wú. Ẹ má fi àdí pa á, ẹ má na ọwọ́ náà. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni fún dókítà tó mọ̀ ọ́n. Kó má baà rí bẹ́ẹ̀, bí ọmọ bá ti rọ ẹsẹ̀, ẹ tẹ̀ lé e lọ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó jókòó. Ìdọ̀tí á fọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e dìde, abíyá méjèèjì ni kí ẹ fi ọwọ́ sí.

Ẹni tó ń lo ọ̀pá ní ìṣirò tirẹ̀. Ọwọ́ tó kọjú sí orúnkún tó ń dùn ni ọ̀pá ń wà, ìyẹn ni pé bí orúnkún òsì bá ń dùn, ọwọ́ ọ̀tún ni ọ̀pá. Ọmọ yóò wà lọ́wọ́ òsì, ìhà inú, ó bá ọ̀nà mu rẹ́gí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ orúnkún ọ̀tún ló ń dùn, ọ̀pá á bọ́ sí òsì, ọmọ á bọ́ sí ọ̀tún, níhà ọkọ̀. Ẹ má gbìyànjú láti fi ọ̀pá sí ọwọ́ òdì nítorí ọmọ, ẹ ó jọ ṣubú ni. Irú àgbà bẹ́ẹ̀, inú kúlọ́ọ̀sì tí ọkọ̀ kì í gbà kọjá ni kó ti máa rìn, tàbí kí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà tó ti tó ọdún mẹ́wàá bá wọn jáde.

Aṣọ, bàtà, báàgì

Sálúbàtà ọmọ dára nínú ilé. Níta, ó ń yọ lẹ́sẹ̀, iwájú rẹ̀ á ká wọlé, ọmọ á fi ojú lélẹ̀. Bàtà tó dì gìgísẹ̀ mú, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀ tó ẹ fi lè fi ọwọ́ ká a, ni kí ẹ wọ̀ fún un. Kó ku nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan níwájú ọmọ ìka tó gùn jù. "Á dàgbà bá a" kò sí nínú ọ̀rọ̀ bàtà. Ìyá àgbà náà, ìró tí ẹ kàn ká mọ́ ìdí á tú nígbà kẹta tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ mú ọmọ. Ẹ wọ kaba tí kò gbálẹ̀, tàbí kí ẹ fi pín-ìnì gún ìró. Bàbá àgbà, ẹ fi agbádá sílẹ̀ nílé: apá rẹ̀ á bo ọmọ lójú, á sì kọ́ ìrìn géètì.

Nínú báàgì kékeré tó ń kọ́ èjìká (kó má jẹ́ èyí tí ẹ ó fọwọ́ dì mú), ẹ kó omi àti ife ọmọ, tówẹ́ẹ̀lì kékeré, pámpásì kan, ọṣẹ díẹ̀ nínú ọ̀rá, fóònù tó ní iná, àti owó kẹ̀kẹ́ Márúwà tí ẹ ó fi padà sílé bí nǹkan bá yí. Bó bá jẹ́ píọ wọ́tà ni, ẹ fọ etí ọ̀rá rẹ̀ kí ẹ tó ya á, kí ẹ sì bù ú sínú ife. Ọmọ tó bá ń fa ọ̀rá náà ń fa ìdọ̀tí gbogbo ọwọ́ tó ti gbé e. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù òbí rẹ̀ sórí ìwé, ẹ fi sí àpò ọmọ.

Àgbà tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè rí i pé ojú ń pòòyì bí òun bá bẹ̀rẹ̀ tí òun dìde lójijì. Kó di ògiri tàbí òpó mú kó tó dìde. Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ tàbí tó ń lo oògùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde láìjẹun, kó sì ní ṣúgà tó tó ṣíbí tíì mẹ́ta nínú báàgì. Bí òógùn tútù bá bò ó, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, kó jókòó, kó lá a lójú ẹsẹ̀. Torí ọmọ ọdún méjì kò lè pe ẹnikẹ́ni, ẹ sọ fún ẹni tó wà nílé: "Bó bá di aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ tí ẹ ò rí wa, ẹ gba ọ̀nà báyìí wá wa wá."

Ohun tí ẹ ó bá lọ́nà

Ojú ọmọ kò ga tó ìbàdí yín. Nǹkan tí ẹ kì í ṣàkíyèsí ló wà níwájú rẹ̀ gan-an. Sàléńsà ọ̀kadà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, fún àpẹẹrẹ. Ó ń dán, ó ga bákan náà pẹ̀lú ọwọ́ ọmọ, ó sì gbóná tó láti bó ara. Ẹ máa gba ẹ̀gbẹ́ kejì níbi tí ọ̀kadà bá ti tò sí. Bó bá jó o, omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ dà sí i fún 20 ìṣẹ́jú. Kì í ṣe epo, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Bákan náà ni jẹnẹrétọ̀ tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù: èéfín rẹ̀ ń jáde ní ìwọ̀n imú ọmọ.

Wẹ́dà ló tún wà. Iná tó ń ṣẹ́ yẹn ń fa ọmọ bí oyin, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń jó ojú. Àìdáa rẹ̀ lè má hàn àfi lálẹ́, nígbà tí ojú á máa ta ọmọ bí ẹni pé iyanrìn wọ̀ ọ́. Ẹ yí i lójú kúrò, ẹ yára kọjá.

Ajá tó sùn, ẹ jẹ́ kó sùn. Adìyẹ tó ń kó ọmọ kiri àti akọ tòlótòló, ẹ jìnnà sí wọn, wọ́n lè ṣá ọmọ lójú. Bí ajá bá gé ọmọ jẹ tàbí tó ha á léékánná, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà fún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ìbáà jẹ́ ajá aládùúgbò tí ẹ mọ̀ dáadáa.

Ohun tó le jù láti yẹra fún ni oore àwọn èèyàn. Ìyá tó ń ta nǹkan á bu ẹ̀pà sọ́wọ́ ọmọ, ẹlòmíì á fún un ní súìtì tàbí gúgúrú, láti oṣù Kejìlá títí dé nǹkan bí oṣù Kẹrin ẹwẹ̀, agbálùmọ̀ dé. Ẹ̀pà odindi, gúgúrú, súìtì líle àti kóró agbálùmọ̀ lè há ọmọdé lọ́fun. Ẹ má kọ̀ ọ́ lójú onítọ̀hún. Ẹ gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀, "Ẹ ṣé o, ẹ kú inúure, a ó jẹ ẹ́ bí a bá délé", ó di inú báàgì. Bí nǹkan bá há ọmọ tó sì ń wúkọ́ tó ń dún, ẹ jẹ́ kó máa wúkọ́. Bí ohùn kò bá jáde mọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú, ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́yìn láàárín pákó èjìká nígbà márùn-ún. Bí kò bá jáde, ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹ di ẹ̀ṣẹ́ sókè ìdodo, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé-sókè nígbà márùn-ún. Ẹ máa pààrọ̀ méjèèjì, kí ẹ sì máa ké pe èèyàn. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì.

Ìkíni ni ìsinmi

Ẹni tí kò mọ ìwúlò ìkíni nínú ìrìn yìí rò pé ó ń dá èèyàn dúró ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ìdúró yẹn gan-an la fẹ́. Ìkíni kan tó ìṣẹ́jú kan sí méjì: àgbà ń mí, ọmọ ń wo ojú èèyàn tuntun, kò sẹ́ni tó máa sọ pé bàbá ti ń rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó bá iṣẹ́ onítọ̀hún mu, kí ọmọ lè gbọ́ ọ. Ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, "Ojú gbooro o", wọ́n á dáhùn pé "Òòyà á yà á." Lọ́dọ̀ ìyá tó pàtẹ, "Ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá." Lọ́dọ̀ ẹni tó kàn jókòó, "Ẹ kú ìjókòó o." Kí ọmọ kọ́kọ́ máa gbọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta, bó bá yá, ẹ kí ìdajì, ẹ dákẹ́, ẹ wò ó. Bó bá fi "o" nìkan parí rẹ̀, ó ti kí èèyàn nìyẹn. Ní ti kíkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀, èmi kò rí ìdí tí ọmọ ọdún méjì á fi kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́. Kó tẹ orúnkún díẹ̀ níta. Ilé la ti ń kọ́ ọ ní èyí tó kù, lórí ilẹ̀ tó mọ́.

Bákan náà, ẹ má sọ ìrìn di ìdánwò, "Kí nìyí? Kí nìyẹn?" láti géètì dé kọ́nà. Ohun tí ọmọ bá sọ ni kí ẹ mú gùn. Ó ní "ajá". Ẹ ní "ajá funfun ń sùn". Ó ní "ọkọ̀". Ẹ ní "ọkọ̀ pupa ti lọ". Lẹ́yìn náà, ẹ ka ení dé àrùn-ún nínú yín kí ẹ tó tún sọ̀rọ̀, torí ọmọ nílò àyè láti wá ọ̀rọ̀. Ẹ pe ohùn yín já gaara, kí igbá má di ìgbà lẹ́nu yín. Fún ìyá àgbà tó lọ bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ọmọ ní Peckham ní London, ìrìn yìí lè jẹ́ wákàtí Yorùbá kan ṣoṣo tí ọmọ náà ní lójúmọ́. Ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wà níbẹ̀, gọ́tà kò sí, ṣùgbọ́n apá òsì ni ọkọ̀ ń gbà lọ́hùn-ún: ọ̀tún ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó sọdá, ara á máa fà yín sí òsì. Nínú oṣù Kejìlá, ilẹ̀ ń ṣú ní nǹkan bí aago mẹ́rin ọ̀sán. Láàárọ̀ tí yìnyín bá sì dì mọ́lẹ̀, ẹ jókòó sílé.

Òjò ní òfin tirẹ̀ nílé. Ìbàdàn tó rí omíyalé odò Ògùnpa ní 1980, tó tún rí ti oṣù Kẹjọ 2011, kò yẹ kó fi omi ṣeré. Bí omi bá ti bo etí gọ́tà mọ́lẹ̀, tí ẹ kò rí ibi tí ọ̀nà parí sí, ìrìn ti parí lọ́jọ́ yẹn, ì báà tó kókósẹ̀ lásán. Ní ọyẹ́, ẹ fi òrí pa ètè àti ẹsẹ̀ ọmọ, ẹ dúró kí oòrùn yọ díẹ̀ kí ẹ tó jáde, ẹni tó ní ikọ́ fée nínú ẹ̀yin méjèèjì sì gbọdọ̀ mú oògùn rẹ̀ dání.

Bó bá di dandan kí ẹ pọ̀n ọ́n

Ara ọmọ ń sọ̀rọ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó sọ ọ́. Ó ń kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta láàárín òpó kan sí èkejì, ọwọ́ tí ẹ dì mú ń wúwo sí i, ó dákẹ́, ó ń ra ojú. Ìyẹn ni kí ẹ jókòó sí bẹ́ńṣì, kí ẹ fún un ní omi. Ìṣẹ́jú márùn-ún ìjókòó lè mú òpó méjì wá. Ti àgbà náà ní àmì: bí ẹ kò bá lè sọ gbólóhùn kan tán láìdúró mí, ẹ ti yára jù.

Bí kò bá ṣe é ṣe mọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ gbé ọmọ láti ilẹ̀ sí ẹ̀yìn. Ìgbà yẹn ni ẹ̀yìn ń kán. Ẹ jẹ́ kó gun bẹ́ńṣì dúró, ẹ kọ ẹ̀yìn sí i, ẹ jókòó díẹ̀ sí etí bẹ́ńṣì kí ó dì mọ́ yín lọ́rùn. Ọ̀já tí ẹ ti ká mọ́ ìbàdí láti ilé ni kí ẹ tú, kí ẹ fi gbá ìdí ọmọ, kó dì í ní ìdí àti itan kó tó dì í lẹ́yìn, kí ẹ sì so ó níwájú. Kí ẹsẹ̀ ọmọ la yín láàárín, kí orúnkún rẹ̀ ga bákan náà pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Ẹ di nǹkan mú kí ẹ tó dìde. Ẹni tí dókítà ti ní kó má gbé ẹrù wúwo, kẹ̀kẹ́ Márúwà ni kó wọ̀. Ìdí tí owó fi wà nínú báàgì nìyẹn.

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ jókòó kí ẹ tó bọ́ bàtà ọmọ. Ẹ fọ ọwọ́ yín méjèèjì, ẹ wo gìgísẹ̀ rẹ̀ bóyá bàtà ti bó o, ẹ wo ìsàlẹ̀ bàtà fún ìṣó. Lẹ́yìn náà, ẹ sàmì sórí kàlẹ́ńdà: òpó mélòó, ta ló sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé. Bí ọmọ bá ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé ní ìgbà mẹ́ta léraléra, tí orúnkún yín kò sì dùn lálẹ́, ẹ fi òpó kan kún un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ẹ bá pọ̀n ọ́n wọlé, ẹ yọ òpó kan kúrò lọ́la.